Òṣèré Mẹ́wàá, Ẹ̀dá Ìtàn Méjìlélógún: Àyẹ̀wò Our Country's Good Lórí Ìtàgé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ eléré kan mọ inú eré yìí, kó má tíì wo ẹnu wọn, kóòtù ọrùn wọn ni kó kọ́kọ́ wò. Timberlake Wertenbaker ló kọ Our Country's Good, Max Stafford-Clark ló sì kọ́kọ́ darí rẹ̀ ní Royal Court, Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1988. Ẹ̀dá ìtàn 22 ló wà nínú rẹ̀, òṣèré 10 péré ló gbé e dúró. Kóòtù pupa wọ ọrùn, ọ̀gá ológun dé. Kóòtù bọ́, ẹlẹ́wọ̀n ló kù. Níbi tí ìpààrọ̀ yìí bá ti dán, eré á dùn. Níbi tó bá ti ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún, kò sí ohùn dídùn tó lè bo àṣírí rẹ̀.

Ìtàn náà dúró lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1787, ọkọ̀ ojú omi 11 gbéra ní Portsmouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 700 wà nínú wọn, tọkùnrin tobìnrin, olè jíjà ló kó ọ̀pọ̀ wọn débẹ̀. Ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 1788 ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Sydney Cove ní Ọsirélíà, Arthur Phillip ni gómìnà wọn. Oúnjẹ ń tán lọ, ẹgba ń ro, wọ́n sì ń yẹgi fún ènìyàn. Síbẹ̀, nígbà tó di ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1789, ọjọ́ ìbí Ọba George Kẹta, àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan ṣe The Recruiting Officer, eré apanilẹ́rìn-ín tí George Farquhar kọ ní 1706. Watkin Tench, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ológun ibẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ahéré ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ti ṣe é. Bébà aláwọ̀ tí kò ju yáàdì mẹ́ta sí mẹ́rin lọ àti àbẹ́là olówó pọ́ọ́kú 12 tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri alámọ̀ ni gbogbo ọ̀ṣọ́ rẹ̀, òǹwòran sì tó nǹkan bí 60. Èyí ni Thomas Keneally sọ di ìwé ìtàn The Playmaker ní 1987, inú ìwé yẹn sì ni Wertenbaker ti fa eré tirẹ̀ yọ.

Nínú eré, Lẹ́fútẹ́náǹtì Ralph Clark ló gba iṣẹ́ olùdarí, torí pé ó ń wá ojú rere Gómìnà. Ìwé eré méjì péré ló wà nílẹ̀. Òṣèré rẹ̀ kan kò mọ̀wé kà, àwọn mìíràn wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ló ń yẹgi fún àwọn yòókù, wọ́n sì ti dájọ́ ikú fún Liz Morden, tí í ṣe òṣèrébìnrin rẹ̀ kejì, kí ọjọ́ eré tó kò.

Ìṣirò kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ olùdarí kì í ṣe. Apá méjì ni eré náà, ìran 11 ló wà nínú apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú ìran kẹfà nínú apá kìíní, níbi tí àwọn ọ̀gá ti ń jiyàn bóyá ó tọ́ kí ẹlẹ́wọ̀n máa ṣeré. Ẹ ka orí wọn: Phillip, Ross, Collins, Tench, Campbell, Pásítọ̀ Johnson, Johnston, Dawes, Faddy, Ralph. Mẹ́wàá. Ẹ wá fò lọ sí ìran tó kẹ́yìn gbogbo rẹ̀, níbi tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ń múra lẹ́yìn ìtàgé: Arscott, Caesar, Ketch, Sideway, Wisehammer, Mary, Dabby, Liz, Duckling, Ralph. Mẹ́wàá náà ni. Ara mẹ́wàá tó jókòó láti dájọ́ ló tún dúró láti gba ìdájọ́. Ralph nìkan ni kò pààrọ̀ ara, torí òun nìkan ló ní ẹsẹ̀ ní ìhà méjèèjì. Ẹni tó bá ní torí àìlówó nìkan ni wọ́n ṣe lo òṣèré 10, kò ka ìwé eré náà dáadáa.

Bí wọ́n ṣe pín in ní 1988, títí di òní, lójú tèmi, kò sí ìpín tó dára jù ú lọ. Ẹni tó ṣe Gómìnà Phillip ló ṣe Wisehammer, ẹlẹ́wọ̀n tí ọ̀rọ̀ inú ìwé ń pa bí ọtí. Collins tí í ṣe adájọ́ àti Sideway tí í ṣe gbéwiri, ara kan ni. Májọ̀ Ross tó kórìíra eré náà ju gbogbo wọn lọ, òun náà ni Ketch Freeman tó ń yẹgi. Tench, ẹni tó ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé yíyẹgi ni eré ìtàgé àwọn ẹlẹ́wọ̀n, òun ló tún di Caesar, ọmọ Madagásíkà. Àwọn obìnrin kò jókòó: ẹni tó ṣe Mary ló ṣe Pásítọ̀, ẹni tó ṣe Liz ló ṣe Dawes tó jẹ́ pé ìràwọ̀ ojú ọ̀run nìkan ló ká a lára, Dabby di Faddy, Duckling di Johnston. Jim Broadbent wà lára àwọn tó gbé ẹrù tó wúwo jù, ẹni mẹ́ta lórí rẹ̀: Brewer, Campbell àti Arscott. Obìnrin mẹ́rin, ọkùnrin mẹ́fà.

Kóòtù wá ń kọ́? Pupa fún àwọn ọmọ ogun, búlúù dúdú fún Phillip torí ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi lòun. Kò sí òṣèré tó lè de gbogbo bọ́tìnnì kóòtù ayé ọjọ́un tán láàárín ìran méjì, nítorí náà bọ́tìnnì òfegè ni kí ó wà lójú, kí ìkọ́ irin kékeré mẹ́ta máa ṣe iṣẹ́ lábẹ́. Velcro, aṣọ méjì tó ń lẹ̀ mọ́ ara wọn, yá ju ìkọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ní ariwo. Bí Liz bá dákẹ́ níwájú àwọn adájọ́, tí gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́, tí ẹnìkan sì fa Velcro ya ní ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, ó parí nìyẹn. Abẹ́ kóòtù, ẹ̀wù ẹlẹ́wọ̀n ni kí gbogbo wọn wọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀wù méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lálẹ́ kan, torí òógùn kóòtù onírun àgùntàn lábẹ́ iná kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ojú òǹwòran ló yẹ kí ìpààrọ̀ ti wáyé. Kí ìkọ́ wà lára ògiri ẹ̀yìn ìtàgé, kí nọ́ńbà wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ kéré débi pé ẹ̀rín ni: apá kóòtù. Òṣèré á bọ́ kóòtù kíákíá, apá kan á yí padà sínú, á gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí yóò fi padà wá wọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ á há, yóò máa jà pẹ̀lú aṣọ níwájú igba ènìyàn, Gómìnà á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò sí nínú ìran tó ń lọ lọ́wọ́ ni kí wọ́n yàn láti máa na apá kóòtù síta, ìran dé ìran. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá rántí. Wíìgì náà ń kọ́? Kí àwọn ọ̀gá mẹ́ta tàbí mẹ́rin dé e, ó tó. Wíìgì mẹ́wàá lórí eré yìí, àwàdà ló ń dà.

Àwọn ẹgbẹ́ tó lọ́wọ́ lọ́mọ á fẹ́ fún ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan ní òṣèré tirẹ̀. Omi á pọ̀ ju ọkà lọ. Johnston àti Faddy kò ní ju gbólóhùn mélòó kan lọ, wọn á wá jókòó sí yàrá ìmúra láti ìran kẹfà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìran àríyànjiyàn á di ìlà àwọn àjèjì tí a ò mọ̀, tí a ò sì ní rí mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tó ní akẹ́kọ̀ọ́ 30 tó fẹ́ ṣeré lè rí ara gba èyí sí, ṣùgbọ́n kí wọ́n tilẹ̀ so Ross mọ́ Ketch, kí wọ́n so Collins mọ́ Sideway.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti rò pé kí 10 di 11. Ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà tó ń wo bí ọkọ̀ wọ̀nyí ṣe ń wọlé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀: ó yọjú díẹ̀ díẹ̀, ó sọ gbólóhùn mélòó kan, ó lọ, títí dìgbà tó padà wá ní ìgbẹ̀yìn pẹ̀lú ìléròrò lára. Àrùn ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ láyìíká Sydney ní oṣù kẹrin ọdún 1789 lóòótọ́, ó sì pa àwọn onílẹ̀ lọ bí ẹni fi àdá pa koríko. Ìpín ti 1988 fi ipa yìí lé ẹni tó ń ṣe Tench àti Caesar lọ́wọ́. Ìṣòro méjì ló wà níbẹ̀. Ìṣòro aago: ìran kejì ni onílẹ̀ yìí sọ̀rọ̀, ìran kẹta ni Tench dé, kò sí àyè fún kóòtù rárá. Èkejì burú ju ti aago lọ: ẹni tí gbogbo wọn gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò yẹ kó tún bọ́ sínú kóòtù àwọn tó gbà á. Ní 2024, nígbà tí Rachel O'Riordan darí eré náà ní Lyric Hammersmith ní Lọ́ńdọ̀nù, òṣèrébìnrin tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà ni wọ́n fún ní ipa náà. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Kí ó dá dúró, kí ó má pààrọ̀ aṣọ, kí ó má bá ẹnikẹ́ni pín ìkọ́.

Ìran kìíní, ẹgba ni wọ́n fi ṣí i. Wọ́n ń na Sideway nínú ọkọ̀, Ralph ń kà á: 44, 45, 46, títí dé 50. Mo kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti 1. Ìdí tí òǹkọ̀wé fi mú wa wọlé ní 44 ni pé nǹkan yìí ti ń lọ tipẹ́ kí a tó jókòó. Kí Sideway má sì sí lójú tààrà. Ní ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, kí ẹnìkan fi bẹ́líìtì awọ fẹ̀ǹfẹ̀ na àpò iyanrìn tí wọ́n gbé lé pákó. Pákó ló ń fún un ní dídún, iyanrìn ló ń gba pákó lọ́wọ́ ariwo igi lásán. Ẹ má ṣe gbà á sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Bí Ralph ṣe ń kà á ń yí padà lálaalẹ́, ẹ̀rọ kò sì lè gbọ́ bí ó ṣe mí. Bí ẹgba bá dún kí nọ́ńbà tó jáde lẹ́nu rẹ̀, a jẹ́ pé ẹgba ló ń darí òǹkà. Bí nọ́ńbà bá ṣáájú, Ralph ló ń pàṣẹ. Kí olùdarí yan ọ̀kan. Kí ẹgba ṣáájú ló dára jù, torí ó fi hàn pé akọ̀wé lásán ni Ralph níbẹ̀.

Àpá ẹ̀yìn Sideway náà ní wàhálà tirẹ̀. Nínú ìran ìfidánrawò kejì àwọn ẹlẹ́wọ̀n, Ross yóò ní kí ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn, nítorí náà kí aṣọ ìtàgé tó ṣí ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti kun ún. Ẹ rántí pé ara yẹn kan náà ló ń wọ kóòtù Collins. Gbogbo ìgbà tí adájọ́ bá ń sọ̀rọ̀ nípa òfin, àpá ẹgba wà lábẹ́ kóòtù rẹ̀. Àwọ̀ olóròóró á ràn mọ́ aṣọ, á sì pa mọ́ra wọn kí wákàtí kan tó pé. Àwọ̀ tí wọ́n fi ọtí líle pò, èyí tó máa ń gbẹ kíákíá, ló lè dúró títí di apá kejì.

Ìran àríyànjiyàn àwọn ọ̀gá ni òǹwòran máa ń sùn sí bí olùdarí bá sùn sí i. Stafford-Clark ní ọgbọ́n kan tó ń fi káàdì ayò ṣe. Òṣèré á fa káàdì kan: pupa, o fara mọ́ ọn, dúdú, o lòdì, nọ́ńbà rẹ̀ ló ń sọ bó ṣe ká ọ lára tó. Ẹni tó fa 2 dúdú kò kọ̀ kí wọ́n ṣeré, bí ẹ bá ti lè jẹ́ kó mu ọtí rẹ̀ ní àlàáfíà. Ẹni tó fa 10 dúdú, Ross nìyẹn. Bí wọ́n bá ti fi èyí dánra wò fún ọjọ́ méjì, ìran náà á kúrò ní ìpàdé, á di ìjà. Ọgbọ́n rẹ̀ kejì ni pé kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ ìṣe tí ẹni tó ń sọ ọ́ ń ṣe sí ẹlòmíràn: mo ń pọ́n ọ lé, mo ń tàn ọ́, mo ń fi ọ́ ṣẹ̀sín. Ó ń gba àsìkò bí ẹ̀gúsí bíbó, ṣùgbọ́n lórí Phillip ó sanwó, torí bí Gómìnà kò bá ṣe nǹkan sí ẹnikẹ́ni, ìwàásù ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dà.

Ìfidánrawò kejì ni ọkàn eré náà. Ross àti Campbell já wọlé. Ross ní kí Sideway bọ́ ẹ̀wù, kí Dabby rá kòrò bí ajá, kí Mary gbé aṣọ sókè kó fi àmì tó wà lára itan rẹ̀ hàn. Olùdarí gbọ́dọ̀ ti fi ẹnu kò pẹ̀lú àwọn òṣèré lórí ibi tí aṣọ Mary dé àti ọwọ́ ta ni ó gbé e, kí ó sì rí bẹ́ẹ̀ gan-an lálaalẹ́. Kò sí ohun tó ń jẹ́ kí a wò ó bó ṣe máa rí níbí. Lẹ́yìn náà ni Sideway, láìsí ẹni tó pè é, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ inú eré Farquhar sí Liz, Liz sì dá a lóhùn. Ìyẹn nìkan ni èsì tí wọ́n ní. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n gbé ohùn sókè bí ẹni ń ṣe ìwọ́de. Ohùn ẹ̀yìn ọ̀fun ló yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń dán okùn wò bóyá ó lè gba òun. Ross rán Campbell jáde láti lọ bẹ̀rẹ̀ ìyà Arscott, láìpẹ́ igbe Arscott gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ọ̀fun kan náà ni! Ẹni tó jáde lọ pàṣẹ ẹgba ló ń ké níta. Òǹwòran tó bá fetí sílẹ̀ á mọ ohùn yẹn.

Ìran tó tẹ̀ lé e, Ketch ń wọn Liz fún okùn. Bí wọ́n bá sunkún níbẹ̀, ó ti bàjẹ́. Bí télọ̀ ṣe ń wọn oníbàárà ni kí Ketch ṣe é: ó tọrọ àforíjì, ó wo gíga rẹ̀, ó ṣírò ìwúwo rẹ̀, ojú ń tì í, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ iṣẹ́. Ìtìjú yẹn ló ń dẹ́rù bani.

Liz kan náà ló ni ọ̀rọ̀ gígùn tó ṣí apá kejì, tó fi ìtàn ayé rẹ̀ sọ ní èdè àwọn olè Lọ́ńdọ̀nù ìgbà yẹn. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa pàápàá kò ní gbọ́ ju ìdajì lọ. Òṣèré tó bá sáré lé e lórí kó lè dà bí ọmọ ìgboro, ó ti sọ wá nù. Kí ó rọra, kí ó fi ara sọ ohun tí ọ̀rọ̀ bò. Ẹ̀wọ̀n irin tó wà lọ́wọ́ wọn níbẹ̀ tún máa ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Kí wọ́n fi awọ wé gbogbo rẹ̀, kí wọ́n fi òrùka ẹ̀wọ̀n mẹ́ta péré sílẹ̀ tí yóò máa dún. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó ka ojú ewé yẹn nínú ìwé eré kó tó lọ. Nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀ ni gbogbo eré, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹgbẹ́ tó bá ń fi orin bo ìpààrọ̀ ìran: ìṣẹ́jú kan ní ojú ìso 20, ìṣẹ́jú 20 ti lọ.

Ìwé eré náà ní àbùkù tirẹ̀. Ìfẹ́ Ralph àti Mary yára ju bó ṣe yẹ lọ; ìran kan ó ń kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀ tó wà nílé, ìgbà díẹ̀ sí i ó ti wà létíkun pẹ̀lú Mary. Harry Brewer, ọ̀gá ológun ojú omi kékeré, àti òkú ẹni tó yẹgi fún tó ń bá a jà lè di ariwo lásán bí òṣèré bá ń wo afẹ́fẹ́. Ti Caesar ló wù mí jù nínú àwọn kékeré: ó ní òun kò ní jáde, àwọn baba ńlá òun á bínú. Òǹwòran máa ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀, òṣèré kò sì gbọ́dọ̀ bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ baba ńlá kì í ṣe àwàdà lẹ́nu ẹni tí wọ́n gbé jìnnà sílé tó bẹ́ẹ̀.

Àkọ́sọ tí Wisehammer kọ, tí orúkọ eré yìí ti jáde, Ralph kò gbà kó lò ó. Kí Wisehammer kà á tán láìfi ṣe yẹ̀yẹ́, kí ó ká bébà náà, kí ó fi sápò.

Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín, orin Beethoven, símfónì karùn-ún, gbéra bí Arscott ti ń jáde lọ bẹ̀rẹ̀ eré. Ní 1808 ni wọ́n kọ́kọ́ lu orin yẹn, àwọn ará Sydney Cove kò lè gbọ́ ọ láé, òǹkọ̀wé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ìtàgé la wà, nítorí náà ẹ̀yìn Arscott la ń rí, iná sì ń bọ̀ láti iwájú rẹ̀. Kí orin ṣáájú ìgbésẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́ àwọn òǹwòran tí a kò rí tẹ̀ lé e láti iwájú náà, láti inú ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sí ibi tó kọjú sí. Bí ẹ̀rọ náà bá wà lórí wa, àwa ni yóò dà bíi pé a ń pàtẹ́wọ́, àwọn ènìyàn gidi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ kí Arscott tó kọjá aṣọ ìtàgé.